Kí O Tó Ra Ohunkóhun, Gba Lẹ́tà Ná

Àbúrò mi, kú uṣẹ́ o. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe RSO, ẹni tí yóò máa mójú tó ààbò ìtànṣán, ní ọsibítù yín níbí ní Èkìtì, wọ́n sì ní kí o kọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n rà wá. O wá ń béèrè bóyá apron olójé tuntun, èyí tí à ń wọ̀ kí ìtànṣán má bàa bá wa, ni kó ṣíwájú ni, àbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ kò ní owó nínú: gba lẹ́tà ná.

Lẹ́tà tí CMD, ọ̀gá àgbà ọsibítù yín, fọwọ́ sí ni mò ń wí, tó sọ ọ́ kedere pé o láṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró bí nǹkan kò bá bójú mu, àti pé ọ̀dọ̀ òun gan-an ni wàá máa jábọ̀ sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka X-ray. Ọ̀gá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òun ni wọ́n ń bi ní iye aláìsàn tí ẹ yà lóòjọ́ àti iye owó tó wọlé, nítorí náà bí o bá ní kí ẹ̀rọ dúró, ibi tó ń dùn ún lo tẹ̀ yẹn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, gíláàsì olójé tí a máa ń gbà wo aláìsàn láti ẹ̀yìn ògiri là. Káfíńtà yọ ọ́, ó fi gíláàsì fèrèsé lásán dípò. Ti tẹ́lẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí gíláàsì olójé ṣe máa ń rí. Tuntun mọ́ gaara, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Mo ní kí a má ya ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn mọ́, torí ìtànṣán tó ń ta padà láti ara aláìsàn ló ń bá òṣìṣẹ́, gíláàsì lásán kò sì lè dá a dúró bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ṣé kí àwọn tó wọkọ̀ wá láti Ọ̀mùò àti Ìjerò padà sílé ni? Wọ́n ní ṣé èmi ni CMD? Iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí lẹ́tà jáde níkẹyìn, mo lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Owó gíláàsì olójé tí wọ́n ti ń sọ pé kò sí jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí CMD tìrẹ bá ń fà á, rán an létí NNRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1995 ló dá àjọ yẹn sílẹ̀, ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì máa ń béèrè RSO kí wọ́n tó fún ọsibítù ní láísẹ́ǹsì. Tẹ lẹ́tà náà fúnra rẹ, kí o gbé e fún akọ̀wé rẹ̀. Àwọn ọ̀gá máa ń tètè fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ tán.

Báàjì ló kàn. TLD, báàjì tí à ń wọ̀ sáyà lábẹ́ apron yẹn, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, àkọsílẹ̀ ìtànṣán tó bá ọ lásán ló ń ṣe. Ìwọ̀n tí àgbáyé fẹnu kò lé lórí fún òṣìṣẹ́ ni 20 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó bá ara) lọ́dún, bí a bá ṣírò ọdún márùn-ún pọ̀ tí a pín in dọ́gba, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú ọdún kan ṣoṣo. Ti ará ìlú jẹ́ 1. Ẹni tó ń ya àyà àti ẹsẹ̀, tó sì ń dúró sẹ́yìn ògiri, kì í sún mọ́ 20 yẹn rárá. Torí náà bí èsì ẹnì kan bá fò sókè, kọ́kọ́ bi í pé níbo ni báàjì rẹ̀ ń sùn. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lọ́dọ̀ wa tó lọ líìfù, tí èsì rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n ti fẹ́ máa gbàdúrà fún un. Àṣé kóòtù funfun rẹ̀ ló gbé kọ́ sára ìṣó nínú yàrá X-ray, pẹ̀lú báàjì láyà rẹ̀, tó gba ìlú wọn lọ ní Ẹ̀fọ̀n. Àwọn mìíràn a fi tiwọn sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, ooru á sì ba èsì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oyún ló gba ọgbọ́n jù. Ìwé ní kí o bi obìnrin bóyá ó lóyún. Ta ni yóò dá ọ lóhùn? Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í kéde oyún tí kò tíì yọ. Ọmọge tí ìyá rẹ̀ sì jókòó tì, rárá ni yóò sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kejì rèé tí kò rí nǹkan oṣù. A wá ṣètò rẹ̀ pé aláìsàn nìkan ni yóò wọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì obìnrin ti máa rọra bi í pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìdáhùn tí à ń gbọ́ yàtọ̀ pátápátá. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ pe dókítà tó kọ fọ́ọ̀mù: ṣé X-ray yìí lè dúró, àbí scan ti ultrasound, tí kò ní irú ìtànṣán yìí, lè ṣe é? Òṣìṣẹ́ yín tó bá lóyún, jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè sọ fún ọ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Láti ọjọ́ tó bá ti sọ, ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 1 millisievert lọ títí yóò fi bí i. Yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ tíátà àti ti ẹ̀rọ tí à ń tì kiri wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n má lé e sílé.

Ọmọdé tí kò bá dúró jẹ́ẹ́, ìyá àgbà ni kó dì í mú. Òun kò lè lóyún mọ́, bóyá ló sì tún máa ṣe é mọ́ láyé rẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ló ń kó o jọ sí. Wọ apron fún màmá, kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ wọn má sí lójú ibi tí ẹ ń yà. Èrò tó bá gbé ẹni tí ọ̀kadà gbá wá, ìta ni kí wọ́n ti máa sunkún.

Ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ fíìmù tí ẹ tún yà sí, àti ìdí rẹ̀, torí aláìsàn tí ẹ bá yà lẹ́ẹ̀mejì ti gba ìlọ́po méjì. Ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí. Ìwé ló tú àṣírí pé bí iná ọba bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì gbà á ni fíìmù máa ń funfun. Jẹnẹrétọ̀ la pààrọ̀.

Àwọn tó ń gbálẹ̀ lè máa bẹ̀rù láti wọ yàrá yẹn. Sọ fún wọn pé bíi gílóòbù ni ẹ̀rọ X-ray rí: bí o bá ti pa á, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìjàǹbá ìtànṣán ti Goiânia ní Brazil lọ́dún 1987, tí ènìyàn mẹ́rin kú, caesium ló fà á, ohun tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, tí kò ṣeé pa. Àwọn tó ń wá irin tà ló tú u jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ti kógbá wọlé.

Wàyí o, ohun tí o fẹ́ rà. Kí o tó ra apron, tẹ́ àwọn èyí tó wà nílẹ̀ sórí tábìlì kí o yà wọ́n bí o ṣe ń ya àyà. Ibi tí òjé bá ti là yóò hàn bí ìlà dúdú láàárín funfun. Èyí tí wọ́n ń ká jù sórí àga ló sábà máa ń là, nítorí náà ra ìkọ́ mọ́ ọn. Ní ti ẹ̀rọ ìwọ̀n, béèrè ìwé calibration rẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń wọn ìtànṣán dáadáa, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, àti ibi tí yóò ti máa lọ tún un ṣe. Bó bá ní kò sí ìwé, pé ẹ̀rọ tuntun ni, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.