Ta Ló Láṣẹ Láti Rán Àwọn Sójà Wa Lọ Jagun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ sójà. Nígbà tí àwọn ológun fipá gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger lọ́dún 2023, tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sì fún wọn ní gbèdéke ọjọ́ 7 láti dá ìjọba padà, àyà mi já pé wọn yóò kó o lọ. Mo gbọ́ pé Ààrẹ Tinubu kọ lẹ́tà sí àwọn sẹ́nétọ̀. Ṣebí òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun; kí ló tún ń tọrọ lọ́wọ́ wọn?
Ìyá Sójà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá wa. Òun ni olórí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n abala 5 ìwé òfin ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ ogun sí ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan. Bí ó bá fẹ́ kéde ogun, ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló fẹ́ rán ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìkéde ogun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Èkejì yìí ló wúlò jù, nítorí àwọn ìjọba òde òní kì í sábà kéde ogun mọ́, ìbọn ni wọ́n kàn ń yìn.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ni Akpabio, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ka lẹ́tà náà. Àwọn sẹ́nétọ̀ tó wá láti ìpínlẹ̀ 7 tó bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tiwọn ni ìbọn yóò ti kọ́kọ́ dún. Lọ́jọ́ kejì, Ilé bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba náà, ṣùgbọ́n wọ́n rọ Ààrẹ pé kí ó bá ECOWAS wá ojútùú nípa ìjíròrò. Ogun náà kò sì wáyé. (Nígbà tí Babangida rán àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Liberia lọ́dún 1990, kò tilẹ̀ sí Ilé Aṣòfin kankan tí à bá bi.)

Àlàfo kan wà nínú òfin yìí tó ń kọ mí lóminú. Bí ewu bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ààbò ìlú, Ààrẹ lè fikùn lukùn pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ Ìdáàbòbò Orílẹ̀-èdè (National Defence Council) kí ó rán wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó wá béèrè ìyọ̀ǹda láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ilé ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí kí wọ́n kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Abala náà kò dárúkọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun gbọ́dọ̀ padà sílé.

Ní ti ọmọ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn: òde Nàìjíríà nìkan ni ìyọ̀ǹda yìí wà fún. Bí wọ́n bá fẹ́ rán an lọ sí Borno tàbí Zamfara lọ́la, abala 5 kò ní kí Ààrẹ kọ lẹ́tà sí sẹ́nétọ̀ kankan.