Kí nìdí tí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi lo ọkọ̀ apẹja láti kó bọ́ǹbù tí ọ̀tá dẹ sílẹ̀ kúrò nínú òkun?

Nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì jọra ni: ẹni tó mọ bí a ti ń wọ́ àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ òkun lè wọ́ okùn irin tó ń gé okùn tó so bọ́ǹbù mọ́lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ apẹja Grimsby àti Hull, ìlú èbúté nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí agbára oru omi gbígbóná ń gbé rìn, ti ní ẹ̀rọ afàwọ̀n tó lágbára tẹ́lẹ̀. Ọ̀gágun Charles Beresford ló dábàá rẹ̀ ní 1907. Nígbà tó di 1910, wọ́n dá ẹ̀ka àwọn apẹja sílẹ̀.

Ọkọ̀ méjì á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, okùn irin á sì wà láàárín wọn lábẹ́ omi. Okùn mìíràn ló so bọ́ǹbù mọ́ ìdákọ̀ró nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, bọ́ǹbù á léfòó, wọn á wá máa yìnbọn lù ú títí yóò fi bú gbàù tàbí kó rì. Èyí tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ fi ìdí gbá ńkọ́? Ó lè gbé ọkọ̀ àti èèyàn lọ.

Ẹ̀mí tó bá a lọ pọ̀ gan-an. Ní Lowestoft, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ èèyàn 2,385 tí kò ní sàréè mìíràn ju òkun lọ ló wà lára ọwọ̀n ìrántí àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló kó bọ́ǹbù o: àwọn kan ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, àwọn mìíràn kò sì fi ẹja pípa sílẹ̀.