Ìbọn tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni pé 1894 ni wọ́n ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. San Antonio ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Bàbá ẹ̀ kú ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìbọn tí wọ́n máa ń gbé lọ igbó àgbọ̀nrín sì wà lára nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó ní léfà lábẹ́ tí wọ́n ń fà sísàlẹ̀, wọ́n kọ Winchester, Model 94, New Haven àti 30 WCF sára páìpù ẹ̀, nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ jẹ́ méje, 17 ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní 1894 ni wọ́n ṣe é, pé bàbá tó bí bàbá àgbà wọn ló kọ́kọ́ ní in nígbà tó ń da màálù. Ó ti dógùn-ún díẹ̀, ọkọ mi wá fẹ́ gbé e fún ẹnì kan kó bá wa há a, kó pa á láró kó di tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ọdún, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá ilé kó má tíì gbé ìbọn yẹn fún ẹnikẹ́ni pé kó há a. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú ẹ̀? Ìbọn yìí ò dà bíi ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ẹ̀tù bọ̀ lẹ́nu, tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan ó parí. Ọta mẹ́fà méje lè tò tẹ̀léra wọn nínú túùbù abẹ́ páìpù yẹn, ẹ ò sì ní rí wọn láti ìta. Kí ọkọ yín kọ ẹnu ẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kó má fọwọ́ kan tírígà rárá, kó fa léfà sísàlẹ̀ kó dá a padà, kó ṣe é léraléra títí nǹkan kan ò fi ní jáde mọ́, kó wá ṣí i sílẹ̀ kó tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí ọta ń jókòó sí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ṣáájú 1992, wọn kì í fi bọ́tìnnì ìdènà sí irú ìbọn yìí, ní irú tiyín, hámà ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n máa fà dé ìdajì ni wọ́n fi ń dènà ẹ̀. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, kó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, àmọ́ kó kọ́kọ́ pè wọ́n, tó bá débẹ̀ kó fi ìbọn sílẹ̀ nínú búùtù, kó wọlé lọ sọ fún wọn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọdún. 94 yẹn, orúkọ ìbọn ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ìgò bíà tí wọ́n kọ ọdún tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lára, ṣé ẹnikẹ́ni máa sọ pé láti ọdún yẹn ni bíà inú ẹ̀ ti wà níbẹ̀? John Moses Browning, ará Ogden ní Utah, ló ya iṣẹ́ inú ẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé pé òun ló ni iṣẹ́ náà, ní August 21, 1894, ilé iṣẹ́ Winchester wá ń ṣe é ní New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí ilé iṣẹ́ yẹn fi tì ní 2006, ó lé ní mílíọ̀nù méje tí wọ́n ti ṣe. Àwọn tó pẹ́ gan-an tiẹ̀ máa ń ní déètì pátẹ́ǹtì yẹn lára, bẹ́ẹ̀ lèèyàn á rí August 21, 1894, á sì búra pé ọjọ́ ìbí ìbọn nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Houston níbí, àwọn tó sì ń sọ ọ́ ò purọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

Tiyín tiẹ̀ ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé òun kì í ṣe ọmọ 1894. 30 WCF tí ẹ rí yẹn, orúkọ ọta ni, òun náà ni gbogbo ayé ń pè ní 30-30 lónìí. Nígbà tí ìbọn yìí kọ́kọ́ jáde, ọta .32-40 àti .38-55 nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀tù dúdú tó máa ń rú èéfín ló wà nínú wọn. Ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín ló wà nínú 30 WCF, agbára ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n ní láti fi irin tí wọ́n po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ṣe páìpù tó máa gbà á, ìgbà tó fi máa jáde ó ti di 1895. Yàtọ̀ síyẹn, Model 1894 ni wọ́n ń kọ ní kíkún láyé àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni wọ́n gé e kúrú sí Model 94.

Nọ́ńbà ló wá máa bá wa parí ẹjọ́. Nígbà tí nọ́ńbà wọn pé mílíọ̀nù kan, ààrẹ Calvin Coolidge ni wọ́n fún ní ìyẹn ní 1927. Èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ sọ́wọ́ Truman ní 1948, mílíọ̀nù kejì lọ sọ́wọ́ Eisenhower ní 1953. Tiyín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17, tó sì jẹ́ nọ́ńbà méje, ó lé ní 1,700,000, àárín Truman àti Eisenhower ló bọ́ sí. Ìbọn tí wọ́n bá fẹ́ fún ààrẹ, wọ́n lè yọ nọ́ńbà ẹ̀ sọ́tọ̀, torí náà mi ò ní fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe ògiri, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan, màá mú nǹkan bíi 1950. Ogun Hitler ti parí nígbà yẹn, Winchester ti fi ìbọn ológun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n ti padà sí ti ọdẹ, àwọn ọmọkùnrin tó ti ogun dé sì ń ra ìbọn àgbọ̀nrín. Ẹ bi àwọn àgbà ẹbí bóyá bàbá bàbá ọkọ yín wà lára wọn.

Ẹ má rò pé mo ti ba ọjà yín jẹ́ o. Àwọn tó ń kó ìbọn jọ fẹ́ràn èyí tí wọ́n ṣe kó tó di 1964, torí ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó iṣẹ́ kù. Àwọn píìnì tó gba ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, irin tí kò ní ihò nínú ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di èyí tó ní ihò láàárín, páànù tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ohun tó ń gbé ọta sókè. Nọ́ńbà 2,700,000 ni tuntun yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Tí píìnì tiyín ò bá ní ihò nínú, á jẹ́ pé ó bá nọ́ńbà ẹ̀ mu.

Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín gba ìwé ẹ̀rí láti Cody, ní Wyoming, níbi tí ìwé àtijọ́ Winchester wà, ẹ má dá a lóhùn. Ìwé Model 1894 tó wà níbẹ̀ ò kọjá nọ́ńbà 353,999, tiyín ti jìnnà sí i gan-an. Àmọ́ tí bàbá tó da màálù yẹn bá ní ìbọn lóòótọ́, ó lè jẹ́ òmíràn ni, ó lè wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan, ẹ wá a. Tí wọ́n bá ṣe é kó tó di 1899, òfin ìjọba àpapọ̀ ò kà á mọ́ ìbọn lásán, antíìkì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin òǹkàwé míì tí tiyín jẹ́ Marlin, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe ìbọn onílẹ́fà, New Haven lè wà lára tiyín náà, ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Marlin máa ń ju kòròfo ọta tó ti dún síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ẹ̀ dí pa, Winchester 94 àtijọ́ máa ń jù ú sókè. Tí ẹ bá rí North Haven lórí Marlin, wọn ò ṣe é ṣáájú 1969, ọdún yẹn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Fún àwọn Marlin tí wọ́n ṣe láti 1973, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ kúrò nínú 100, ohun tó kù ni ọdún ẹ̀: 25 túmọ̀ sí 1975.

Ẹ̀yin tí tiyín sì ń dán bíi wúrà, ẹ rọra wò ó dáadáa, Winchester ṣe àwọn kan fún ìrántí ní 1966 tí àpótí irin àárín wọn jẹ́ aláwọ̀ wúrà, wọn kì í ṣe ti ayé àtijọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ aró wá. Oníbàárà wa kan gbé ti bàbá àgbà ẹ̀ wá, èyí tí páìpù ẹ̀ ní igun mẹ́jọ, ó ti gbé e fún ẹnì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fi ẹ̀rọ há a, wọ́n pa á láró, ó ń dán bíi dígí, àmọ́ lẹ́tà ara ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, igun mẹ́jọ yẹn ti di ẹlẹ́nu róbótó. Ó dùn mí dé egungun, torí ibi tí ọwọ́ bàbá yẹn ti fi pa àwọ̀ ara irin jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rí pé wọ́n lò ó, òun ni wọ́n há dànù. Ìdógùn-ún tiyín, ẹ fi òróró ìbọn sí aṣọ rírọ̀, ẹ fi pa á, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ẹ nù ún lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe bó bá yẹ. Kò sí sáńpépà, kò sí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ẹ má fi sìkúrúdíráfà lásán tú u, orí síkúrù á fẹnu já.

Tó bá fẹ́ yìn ín, kí ẹni tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ra ọta tí orí ẹ̀ pẹlẹbẹ nìkan. Nínú túùbù yẹn, orí ọta kan ń tẹ ìdí èyí tó wà níwájú ẹ̀, tó bá mú ṣóńṣó ó lè gún un kó bú gbàmù nínú ìbọn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí èèyàn jogún ìbọn, kódà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, Texas ò sì ní kí ẹ lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó wà lórí físà ìwé tàbí ti iṣẹ́, ẹ má ní ìbọn nílé kí ẹ tó bi lọ́yà, òfin ò gbà á fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì ronú àtijù ú sínú kọ̀ǹténà tó ń lọ Èkó, ẹ máa nílò láísẹ́ǹsì níbí kó tó jáde, ẹ sì máa nílò láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kó tó wọlé.

Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lójú mọmọ, láìnù ún: ti àwọn píìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ti lẹ́tà orí páìpù, àti ti abẹ́ ẹ̀ níbi tí nọ́ńbà wà, kí ẹ sì bò nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn.