Bí Ẹsẹ̀ Àgbà Kò Bá Mọ Ilẹ̀ Mọ́

Ìbéèrè: Ìyá mi, ẹni ọdún 74 tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Sálúbàtà tó ti jẹ ni wọ́n ń wọ̀ nílé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́, títí dé àárín ọmọ ìka, nítorí àtọ̀gbẹ lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ débi tí wọ́n á fi tẹ ìṣó láìmọ̀, ẹsẹ̀ tí kò sì mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ kò lè gbé ara dúró ṣinṣin. Sálúbàtà yẹn gan-an ni mo fura sí: ẹ ra bàtà tó di gìgísẹ̀ mú, tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀. Ẹ tètè mú wọn lọ rí dókítà pẹ̀lú gbogbo oògùn wọn (àgbo náà kò gbẹ́yìn), torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì.