Èsì: Bọ́ọ̀lù ní Sátidé, òkè ní Sọ́ńdè

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kó wọn lọ gun òkè lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán láàárọ̀. Èmi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ máa ń yẹ̀ jù. Ẹ fi Sátidé sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, kí ẹ jí gun òkè ní Sọ́ńdè.

Ilẹ̀ tó ń tètè ṣú nígbà ìwọ́wé ló yẹ kó ká yín lára jù. Ìlànà kan wà tí Naismith, agunkè ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní 1892 láti fi ṣírò àkókò tí ìrìn òkè máa gbà: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Àgbàlagbà tó lágbára nìyẹn o! Tọmọdé-tọmọdé, ẹ fi àkókò tó pọ̀ lé e. Ẹ ti dá aago tí ẹ máa ṣẹ́rí padà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ báà dé ṣóńṣó òkè, ẹ ò báà dé e. Kí tọ́ọ̀ṣì wà nínú báàgì.

Aṣọ òwú ò dáa lábẹ́. Tó bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ, otútù á sì wọlé. Ti irun àgùntàn ló dáa. Ewé tí òjò ti pa máa ń yọ̀, ó sì máa ń bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀, torí náà ẹ yẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn wò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà bọ́ọ̀lù gun àpáta.