Báwo ni èpò tí wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́ olóko ṣe ń tàn ká inú àgbàlá?

Ara èèyàn àti ẹran ló fi ń rìn. Tí òdòdó rẹ̀ bá ti gbẹ, èso dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa kù lórí rẹ̀. Ẹ wo ṣóńṣó ẹyọ kan dáadáa: ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀, ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn sì wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ aṣọ wẹ́rẹ́, tí yíyọ rẹ̀ wá ń di wàhálà. Ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀, irun ajá àti ti ewúrẹ́ ló ń gbé e kiri. Ìdí èpò yìí kan ṣoṣo lè so ju 3,000 èso lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á tu kó tó so. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣà lára aṣọ, ẹ má dà á sílẹ̀ o, ẹ sun ún níná.