Ọ̀nà tí owó Marshall gbà ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù

Ìbéèrè yín ni pé ṣé Amẹ́ríkà kàn kó dọ́là lé àwọn ìjọba Yúróòpù lọ́wọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni, tí ìlú wọn fi tún gbérí. Rárá o. Owó ètò Marshall, ìyẹn ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe fún Yúróòpù, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là láàárín 1948 sí 1952, ṣùgbọ́n ẹrù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé: àlìkámà, òwú, epo, ajílẹ̀, ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìwé owó ìrànwọ́ pẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá ló ń sọ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà.

Ká ní ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Faransé ń wá òwú. Fránkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dọ́là ni kò rí, báńkì àpapọ̀ gan-an ń wá a. Ìjọba Faransé á kọ́kọ́ kọ òwú mọ́ ohun tí wọ́n nílò lọ́dún náà. OEEC, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbowó dá sílẹ̀ ní Paris ní 1948, á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ti àwọn yòókù. ECA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó owó Marshall, tí Paul Hoffman ń darí ní Washington, á wá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìrajà. Aláṣọ á gba ọ̀dọ̀ báńkì rẹ̀ ra òwú bí a ṣe ń ra ọjà òkèèrè. Nígbà tí oníṣòwò Amẹ́ríkà bá di ẹrù sọ́kọ̀, tó sì kó ìwé ẹrù fi hàn, dọ́là ECA ni wọ́n á fi san owó rẹ̀. Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni dọ́là yẹn dúró sí.

Apá kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ. Aláṣọ yẹn kò gba òwú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó san fránkì rẹ̀ pé, iye fránkì tó bá dọ́là ẹ̀bùn náà mu sì gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì àkànṣe kan. Ìdá 5 nínú 100 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, fún ìnáwó rẹ̀ níbẹ̀ àti fún àwọn ohun àlùmọ́nì tó nílò. Ìdá 95 jẹ́ ti ìlú náà, àmọ́ ìjọba kò lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ECA gbà sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Dọ́là kan náà tipa bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ méjì: ó ra òwú, ó tún di owó ìkọ́lé.

Faransé fi tirẹ̀ sí iná mànàmáná, ibi ìwakùsà èédú àti rélùwéè, gẹ́gẹ́ bí ètò àtúnṣe ilẹ̀ Faransé tí Jean Monnet darí ṣe là á sílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ san gbèsè ìjọba. Ti Jámánì ló wú mi lórí jù: wọ́n dá báńkì KfW sílẹ̀ ní 1948, wọ́n ń yá àwọn iléeṣẹ́ lówó, bí wọ́n bá san án padà, wọ́n á yá ẹlòmíràn. Owó náà ṣì ń yí títí dòní.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Bí owó inú àkáǹtì bá ṣì wà ní títì, ó ń dín owó tó wà lóde kù, kò sì jẹ́ kí ọjà gbówó lórí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá tún ń yá owó tuntun lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ìwé lásán ni títì yẹn wà. Bí wọ́n bá sì fi agídí sọ pé owó ìlú wọn níye lórí ju bó ṣe rí lọ, iye tó ń wọ àkáǹtì á kéré, ẹni tó rí àṣẹ ìrajà á sì jèrè ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un: òfin ní kí ọkọ̀ Amẹ́ríkà kó ó kéré tán ìdajì ẹrù náà, ó sì wọ́n ju ti àwọn mìíràn lọ.

Owó tí kò gba irú ọ̀nà yìí ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3.75 dọ́là tí Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946. Àdéhùn rẹ̀ ní kí ẹni tó bá rí pọ́n-ùn lè fi gba dọ́là láti July 15, 1947. Gbogbo ayé ya lọ gba dọ́là, nígbà tó fi di August 20, wọ́n ti dá a dúró.

Kòkó wa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí pé a kì í kà á mọ́ ọn. Kòkó Nàìjíríà àti Gold Coast (Ghana òde òní) tí Amẹ́ríkà ń rà mú dọ́là wọlé. Inú àpò dọ́là ní London ni wọ́n kó o sí, pọ́n-ùn ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa. Ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó láti 1947 ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, owó tó ṣẹ́ kù sì wà ní London. Àgbẹ̀ Ìbàdàn àti Oǹdó ń ran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ láìsí ẹni tó pè é ní ìrànwọ́.

Ó ku ohun kan: ẹrù nìkan kò tó bí àwọn aládùúgbò kò bá lè ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Ní 1950, wọ́n yọ mílíọ̀nù 350 dọ́là nínú owó Marshall láti fi bẹ̀rẹ̀ European Payments Union, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń san gbèsè láàárín ara wọn. Lóṣooṣù, wọ́n ń ṣe ìṣirò gbèsè gbogbo wọn pọ̀ ní Basel ní Switzerland, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè san ìyókù kan ṣoṣo dípò kó máa bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ètò àtúnṣe tuntun kan bá jáde lónìí tí kò sí irú èyí nínú rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.